Ìṣàwárí Àbùkù Ara Pọ́ọ̀tù Dísíìkì Ìpamọ́: Ẹ̀kọ́ fún Olùkọ́ Èdè Yorùbá ní Òkè-Ògùn

Àṣamọ̀

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí ni bí olùkọ́ èdè Yorùbá ṣe lè mọ ibi tí àbùkù wà nígbà tí kọ̀ǹpútà bá kọ̀ láti rí dísíìkì tí a kó èdè-fáyẹ̀wò sí. Ó ṣe àlàyé ohun tí ó wà nínú pọ́ọ̀tù USB, iṣẹ́ tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ń ṣe, àti àmì tí a ó rí bí ẹ̀yà kan bá bàjẹ́. Ìlànà tí ó lò ni pàṣípààrọ̀ ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan, èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ fóníìmù. Àpilẹ̀kọ náà fi hàn pé pọ́ọ̀tù tí ó bàjẹ́ kò túmọ̀ sí pé ohun tí a kó pamọ́ ti sọnù, àti pé ìkánjú ni ó sábà máa ń sọ àbùkù kékeré di òfò ńlá. Ní ìparí, ó dábàá bí a ṣe lè fi èdè Yorùbá kọ́ ọgbọ́n yìí nínú kíláàsì.

1.0 Ìfáárà

Agbègbè Òkè-Ògùn ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá. Lára àwọn ìlú tí ó wà níbẹ̀ ni Ìsẹ́yìn, Òkèihò, Ìganna, Tedé, Ṣakí, Sẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, Ìgbòho, Kíṣí àti Ìgbẹ́tì. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni, ibi tí koríko ti pọ̀ ju igi ńlá lọ, tí àpáta sì yọ orí síta káàkiri. Òǹkò ni a ń pe ẹ̀ka-èdè tí ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ ń sọ. Ibẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ ọlọ́rọ̀ fún ẹni tí ó bá ń ṣe ìwádìí lórí lítíréṣọ̀ alohùn: ìjálá ń bẹ lẹ́nu àwọn ọdẹ, ẹkún ìyàwó ń bẹ lẹ́nu àwọn àgbà obìnrin, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ahunṣọ òfì Ìsẹ́yìn ní ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tiwọn tí a kò lè rí nínú ìwé atúmọ̀-èdè kankan tán.

Ní ìgbà kan, kásẹ́ẹ̀tì ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbé lọ sóko ìwádìí. Bí téèpù inú kásẹ́ẹ̀tì bá já, ojú ni a ó fi rí i, a ó sì fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Lónìí, fóònù tàbí rẹ́kọ́dà kékeré ni a fi ń gba ohùn, inú dísíìkì ni a sì ń kó o sí. Wákàtí ọgọ́rùn-ún lè wà nínú ohun tí kò tóbi ju ìwé àdúrà lọ. Àǹfààní ńlá ni èyí, ṣùgbọ́n ó ní ewu tirẹ̀: ojú kò lè rí ohun tí ó wà nínú dísíìkì. Bí kọ̀ǹpútà bá sọ pé òun kò rí i, ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbà pé ó ti tán nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú wo akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó ń kọ àpilẹ̀kọ ìparí ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún ìwé-ẹ̀rí NCE. Ó lọ sí abúlé kan lẹ́yìn Ṣakí, ó jókòó ti ìyá àgbà kan fún ọjọ́ mẹ́ta, ìyá náà sì sun ẹkún ìyàwó fún un títí tí ohùn fi há. Kí oṣù méjì tó pé, ìyá náà papò dà. Akẹ́kọ̀ọ́ yìí kò tíì ṣe àdàkọ ju ìdá mẹ́rin àkọ́kọ́ lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó ki orí wáyà dísíìkì bọ kọ̀ǹpútà, iná ara dísíìkì tàn, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò sọ ohunkóhun. Ó yọ ọ́, ó tún un kì bọ̀ pẹ̀lú agbára, kò sí ìyàtọ̀. Ní ọjọ́ kejì, ó gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ atún-kọ̀ǹpútà-ṣe. Ẹni yẹn gbọ̀n ọ́n wò, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n bá yín fọ́máàtì ẹ̀, á ṣiṣẹ́."

Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yẹn bá dáhùn ni yóò pinnu bóyá ohùn ìyá náà yóò tún jáde láyé mọ́. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ pọ́ọ̀tù fi kan ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n, tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà nìkan.

2.0 Ohun tí Pọ́ọ̀tù Jẹ́

Pọ́ọ̀tù ni ihò tí a ń ki orí wáyà bọ̀, tí ẹ̀rọ méjì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí a bá fi dísíìkì wé ilé tí a kó ẹrù sí, pọ́ọ̀tù ni ẹnu ọ̀nà ilé náà. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ há sínú àgádágodo kì í sunkún pé ẹrù òun ti jóná. Ìlẹ̀kùn ni ó há; ẹrù wà ní ipò rẹ̀.

Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lọ lára kọ̀ǹpútà ni pọ́ọ̀tù USB, tí ìlànà rẹ̀ kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1996. Bí a bá wo inú èyí tí ó fẹ̀ tí ó sì rí gbọọrọ, a ó rí ahọ́n ike kan tí irin tín-ín-rín mẹ́rin tò sí lára. Irin méjì tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ni ó ń gbé iná: ọ̀kan ń gbé iná fólítì 5 lọ, èkejì ni iná ń gbà padà. Irin méjì tí ó wà láàárín ni ó ń gbé ọ̀rọ̀. Àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ yìí mọ̀ọ́mọ̀ mú kí irin iná tí ó wà ní orí wáyà gùn ju irin ọ̀rọ̀ lọ, kí iná lè kọ́kọ́ wọlé kí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e. Nítorí náà, bí orí wáyà kò bá wọlé tán, iná dísíìkì lè tàn dáadáa kí ọ̀rọ̀ má sì kọjá. Ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ sí akẹ́kọ̀ọ́ inú àpẹẹrẹ òkè yìí nìyẹn. Iná tí ó tàn kì í ṣe ẹ̀rí pé ọ̀nà là.

Ní ọdún 2000 ni USB 2.0 jáde. Nígbà tí USB 3.0 jáde ní ọdún 2008, wọ́n fi irin márùn-ún mìíràn kún mẹ́rin àtijọ́ kí ọ̀rọ̀ lè máa yára kọjá. Àwọ̀ búlúù ni inú púpọ̀ nínú pọ́ọ̀tù irú èyí. Bí irin márùn-ún tuntun bá ní àbùkù tí mẹ́rin àtijọ́ sì dára, dísíìkì yóò ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n yóò máa fà bí ìgbín. Iná tí pọ́ọ̀tù lè fún dísíìkì tún ní ìwọ̀n: ìlànà USB 2.0 fi àyè gba mílíáńpíà 500, ti USB 3.0 sì fi àyè gba 900. Dísíìkì tí ó ní àwo tí ń yí nínú máa ń fẹ́ iná púpọ̀ nígbà tí ó bá ń gbéra. Bí iná kò bá tó o, kò ní lè yí, yóò sì dà bí ẹni pé ó ti kú.

Ìṣòro èdè kan wà níbi tí a dé yìí. Bí irú nǹkan báyìí bá ṣẹlẹ̀, gbólóhùn kan ṣoṣo ni a sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́: "Kọ̀ǹpútà ò kà á." Gbólóhùn yìí kó ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pọ̀. Ó lè jẹ́ pé iná kò dé ara dísíìkì rárá. Ó lè jẹ́ pé iná dé, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé ohunkóhun wọlé. Ó sì lè jẹ́ pé kọ̀ǹpútà mọ̀ pé dísíìkì wọlé, ṣùgbọ́n kò lè ṣí i. Ìwòsàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò jọra. Bí aláìsàn bá sọ fún oníṣègùn pé "ara mi ò yá", oníṣègùn yóò béèrè ibi tí ó ń dùn ún. Ó yẹ kí olùkọ́ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti sọ ọ̀kan nínú mẹ́ta: "Iná ò dé ibẹ̀", "Kọ̀ǹpútà ò mọ̀ ọ́n", tàbí "Kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n, kò rí i ṣí." Ẹni tí ó bá ti lè sọ èyí ti dé ìdajì ọ̀nà.

3.0 Ìlànà Pàṣípààrọ̀ Ẹyọ Kan

Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti ka fónọ́lọ́jì Yorùbá ni ó mọ bí a ṣe ń fi ìdí fóníìmù múlẹ̀. A ó mú ọ̀rọ̀ méjì tí ìró kan péré fi yàtọ̀ síra, gẹ́gẹ́ bí bàtà àti bàbà. Ohun gbogbo dúró bákan náà: fáwẹ́lì kò yí padà, ohùn kò yí padà, kọ́ńsónáǹtì àkọ́kọ́ kò yí padà. /t/ nìkan ni ó kúrò tí /b/ fi wọlé, ìtumọ̀ sì yí padà. A jẹ́ pé ìyàtọ̀ ìró yìí ni ó fa ìyàtọ̀ ìtumọ̀. Bí a bá yí ìró méjì padà lẹ́ẹ̀kan náà, a kò ní mọ èyí tí ó ṣiṣẹ́ nínú wọn. Bákan náà ni pẹ̀lú ohùn: igbá àti igbà kò ní ìyàtọ̀ kankan ju ohùn orí sílébù kejì lọ.

Ìlànà yìí gan-an ni a fi ń mọ ibi tí àbùkù wà lára ẹ̀rọ. Láàárín ohun tí ó wà nínú dísíìkì àti ojú ẹni tí ó fẹ́ wò ó, ohun márùn-ún ni ó tò tẹ̀ léra: dísíìkì fúnra rẹ̀, pọ́ọ̀tù ara dísíìkì, wáyà, pọ́ọ̀tù ara kọ̀ǹpútà, àti ètò inú kọ̀ǹpútà. A ó pààrọ̀ ẹyọ kan, a ó fi ìyókù sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, a ó wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó dá ti àkọ́kọ́ padà kí a tó pààrọ̀ òmíràn. Ìbéèrè tí a ó máa bi ara wa kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé àbùkù náà tẹ̀ lé ohun tí a pààrọ̀, tàbí ó dúró síbi tí ó wà?

Bí a bá mú wáyà náà lọ sí ara dísíìkì mìíràn tí àbùkù sì bá a lọ síbẹ̀, wáyà ni ó ní àbùkù. Bí a bá pààrọ̀ wáyà tí àbùkù kò kúrò ní pọ́ọ̀tù kan lára kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n tí pọ́ọ̀tù tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́, pọ́ọ̀tù náà ni ó ní àbùkù. Bí dísíìkì bá kọ̀ lára kọ̀ǹpútà mẹ́ta pẹ̀lú wáyà méjì tí ó dára, a jẹ́ pé ara dísíìkì ni kí á yí ojú sí. Ahunṣọ òfì kì í gé gbogbo òwú dànù nítorí pé ọ̀kan já. Yóò fi ọwọ́ tọ òwú náà títí yóò fi kan ibi tí ó ti já, yóò so ó, yóò sì máa bá iṣẹ́ lọ.

4.0 Ìgbésẹ̀ ní Sísẹ̀-ń-tẹ̀lé

(i) Wíwò àti gbígbọ́. Kí a tó fi ọwọ́ kan ohunkóhun, kí a wo iná ara dísíìkì, kí a sì gbé etí sún mọ́ ọn. Bí kò bá sí iná tí kò sì sí ìró, ó ṣeé ṣe kí iná má dé ibẹ̀. Bí iná bá tàn tí kọ̀ǹpútà dákẹ́, ọ̀nà ọ̀rọ̀ ni kí á fura sí. Bí ó bá ń wọlé tí ó ń jáde nígbà tí a bá mi orí wáyà, pọ́ọ̀tù ti dẹ̀, tàbí òjé tí a fi jó o mọ́ pátákó inú ẹ̀rọ ti là. Bí dísíìkì bá ń dún kọ́, kọ́, kọ́, ó lè jẹ́ pé iná kò tó o. Bí ó bá dún bẹ́ẹ̀ lára pọ́ọ̀tù mìíràn tí ó lágbára, kí a yọ ọ́ kíákíá, kí a má sì tún tàn án. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ pọ́ọ̀tù mọ́. Inú dísíìkì ni àìsàn wà, bí a bá sì ṣe ń tàn án tó ni yóò ṣe máa bàjẹ́ tó.

(ii) Wíwo inú ihò. Kí a pa kọ̀ǹpútà, kí a fi tọ́ọ̀ṣì wo inú pọ́ọ̀tù méjèèjì. Bí irin kan bá tẹ̀, tàbí tí ahọ́n ike ti kán, kí a má ki ohunkóhun tí ó ṣe pàtàkì bọ̀ ọ́, nítorí irin tí ó fara kan ara wọn lè ba ohun tí a kì bọ̀ ọ́ jẹ́ pẹ̀lú.

(iii) Títún un kì bọ̀ pẹ̀lú sùúrù. Kí orí wáyà wọlé gúnrégé títí dé ìdí. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Púpọ̀ nínú pọ́ọ̀tù ara dísíìkì tí ó rí pẹlẹbẹ tí ó sì pín sí méjì ni ó jẹ́ pé agbára ni ó bà á jẹ́.

(iv) Pípààrọ̀ wáyà. Wáyà ni ó rọrùn jù láti pààrọ̀, òun náà ni ó sì ń tètè bàjẹ́, nítorí pé a ń ká a, a ń tẹ̀ ẹ́, a sì ń fà á. Kí a rántí pé wáyà kan wà tí a ṣe fún gbígba iná sínú fóònù nìkan. Irú rẹ̀ kò ní irin ọ̀rọ̀ nínú rárá.

(v) Pípààrọ̀ pọ́ọ̀tù. Lára kọ̀ǹpútà orí tábìlì, kí a lo pọ́ọ̀tù ẹ̀yìn, nítorí ara pátákó ńlá inú ẹ̀rọ ni ó wà tààrà. Ti iwájú ń gba inú wáyà mìíràn kọjá kí ó tó dé ibẹ̀. Kí a má gba inú àpótí apínwáyà tí kò ní iná tirẹ̀.

(vi) Fífi ohun mìíràn dán pọ́ọ̀tù wò. Fíláàṣì kékeré tí kò sí ohun pàtàkì nínú rẹ̀ ni kí á fi dán pọ́ọ̀tù tí a ń fura sí wò. Kò bọ́gbọ́n mu láti fi dísíìkì kejì tí ó kó iṣẹ́ pamọ́ dán ihò aláìsàn wò.

(vii) Wíwo inú ètò kọ̀ǹpútà. Nínú Windows, ibì kan wà tí ó ń to gbogbo dísíìkì tí kọ̀ǹpútà mọ̀, tí a ń pè ní Disk Management. Bí orúkọ àti ìwọ̀n dísíìkì náà bá hàn níbẹ̀ dáadáa, bí kò tilẹ̀ hàn níbi tí a ti ń ṣí i, ọ̀nà ọ̀rọ̀ là, àbùkù kò sì sí ní ẹnu ọ̀nà mọ́. Ó lè jẹ́ pé kọ̀ǹpútà kò fún un ní lẹ́tà ìdámọ̀ lásán. Ìlà tí ó pààlà sí àìsàn pọ́ọ̀tù àti àìsàn ètò nìyí.

(viii) Ìbéèrè tí a kò gbọdọ̀ gbà fún. Nígbà mìíràn, kọ̀ǹpútà yóò rí dísíìkì ṣùgbọ́n kò ní lè ka ètò inú rẹ̀, yóò sì béèrè bóyá kí òun fọ́máàtì rẹ̀ kí a lè lò ó. Wáyà tí ó ń já wọlé já jáde lè fa èyí. Fífọ́máàtì ni pé kí a pa àkọsílẹ̀ ibi tí ohun gbogbo wà rẹ́, kí a tún dísíìkì tò bí ohun òfìfo. Rárá ni èsì. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ti gbà fún un nínú àṣìṣe, kí ó má kó ohunkóhun sínú dísíìkì náà mọ́, nítorí ohun tuntun ni ó ń bo ti àtijọ́ mọ́lẹ̀. Kí ó gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ gbígba ohun tó sọnù padà.

Bí ó bá wá hàn gbangba pé pọ́ọ̀tù ara dísíìkì ni ó ní àbùkù, ìrètí ṣì wà. Nínú ọ̀pọ̀ dísíìkì àgbéléwọ́, dísíìkì gan-an wà lọ́tọ̀, pátákó kékeré tí ó ní pọ́ọ̀tù sì wà lọ́tọ̀. Onímọ̀ lè yọ dísíìkì jáde kí ó gbé e sínú àpótí mìíràn. Ṣùgbọ́n irú kan wà tí pọ́ọ̀tù rẹ̀ wà lára pátákó dísíìkì gan-an, àti irú tí pátákó rẹ̀ ń fi àṣírí bo ohun inú rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé kò ní ṣeé kà níbòmíràn. Nítorí náà, títún pọ́ọ̀tù àtijọ́ jó mọ́ pátákó ni ó yẹ kí onímọ̀ kọ́kọ́ ronú sí nínú irú èyí.

5.0 Ojú Ọjọ́ Ilẹ̀ Ọ̀dàn àti Pọ́ọ̀tù

Ohun tí ó ń ba pọ́ọ̀tù jẹ́ ní Òkè-Ògùn kò ṣàì ní í ṣe pẹ̀lú ojú ọjọ́. Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbígbẹ láti aṣálẹ̀ Sàhárà máa ń gbé eruku kíkúnná wá, eruku yìí a sì máa wọ inú ihò tí a kò bò. Ó ń jókòó sí orí irin, kì í jẹ́ kí irin kan irin. Ọ̀kan péré nínú irin mẹ́rin tí eruku bá bò ti tó láti dí ọ̀nà. Bí ara bá gbẹ bẹ́ẹ̀, iná kékeré tún máa ń ta láti ìka ọwọ́ sí ara irin. Kí ẹni tí ó fẹ́ fi ọwọ́ kan inú ẹ̀rọ kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan irin mìíràn, kí iná náà lè bọ́ sílẹ̀. Nígbà òjò ẹ̀wẹ̀, ọ̀rinrin máa ń mú kí irin yí àwọ̀ padà, àrá sì lè gba inú wáyà iná wọlé. Kí a yọ dísíìkì kúrò lára kọ̀ǹpútà tí ó wà lára iná bí òjò bá ti ṣú.

Bí a bá fẹ́ nu pọ́ọ̀tù, kí a pa ẹ̀rọ, kí a yọ gbogbo wáyà, kí a fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbígbẹ gbá a, tàbí igi ìtayín tí a fẹ̀sọ̀ lò. Abẹ́rẹ́ àti píìnì kò dára, nítorí irin ni wọ́n. Ẹnu kò dára láti fi fẹ́ ẹ, nítorí itọ́ yóò wọ ibẹ̀. Bí ìdọ̀tí bá gan, kí a fi sípíríìtì díẹ̀ tọ́ ọ, kí a sì jẹ́ kí ó gbẹ pátápátá.

Iná tí ń lọ tí ń bọ̀ náà ń ṣe tirẹ̀. Bí iná bá lọ lójijì nígbà tí a ń kó nǹkan sínú dísíìkì, ètò inú rẹ̀ lè dàrú, a ó sì rò pé pọ́ọ̀tù ni. Kí kọ̀ǹpútà ní báàtìrì tí yóò gbé e dúró, kí a sì máa ní kí kọ̀ǹpútà tú dísíìkì sílẹ̀ kí a tó fà á yọ.

6.0 Àpótí Ìpamọ́ Ńlá

Kì í ṣe dísíìkì àgbéléwọ́ nìkan ni ìlànà yìí bá mu. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga àti ilé-ìkàwé tí ó bá ní àpótí ìpamọ́ ńlá, èyí tí ó kó dísíìkì púpọ̀ sínú ara kan, yóò ní pọ́ọ̀tù tirẹ̀ pẹ̀lú. Pọ́ọ̀tù méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó sábà máa ń wà lára rẹ̀, kí ọ̀nà kan lè ṣiṣẹ́ bí èkejì bá dí. Nítorí èyí, pọ́ọ̀tù kan lè kú kí ẹnikẹ́ni má sì mọ̀, àfi ẹni tí ó ń wo iná ìkìlọ̀ ara rẹ̀. Ìjáfara léwu: ọjọ́ tí pọ́ọ̀tù kejì bá kú ni ilé-iṣẹ́ yóò mọ̀ pé ẹsẹ̀ kan ni àpótí náà ti fi ń rìn.

Ìmọ́lẹ̀ ni ọ̀rọ̀ fi ń rìn nínú wáyà púpọ̀ lára irú àpótí yìí, kì í ṣe iná mànàmáná. Eruku tí ojú lásán kò rí ní orí wáyà náà lè dí ìmọ́lẹ̀, nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń fi ike bo ẹnu rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ojú wo inú rẹ̀ nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́, nítorí ó lè ba ojú jẹ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ni onímọ̀ yóò béèrè. Yóò mú wáyà láti pọ́ọ̀tù kìn-ín-ní lọ sí ìkejì, yóò wò ó bóyá àbùkù bá wáyà lọ tàbí ó dúró. Lẹ́yìn náà ni yóò pààrọ̀ orí kékeré tí ń yí iná padà sí ìmọ́lẹ̀, yóò sì tún wò ó.

7.0 Bí a ṣe Lè Kọ́ ọ nínú Kíláàsì

Ìwé èdè-ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984, àti ìkejì tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1990, fún olùkọ́ ní ọ̀rọ̀ tí ó fi ń kọ́ ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni. Ṣáájú èyí, láti ọdún 1970, ni ètò ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀, tí Babátúndé Fáfúnwá jẹ́ aṣáájú rẹ̀, ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Kò sí ìdí tí èdè tí ó ṣe é fi kọ́ sáyẹ́ǹsì kò fi ní lè sọ ohun tí ó ń ṣe wáyà.

Olùkọ́ lè lo ìṣẹ́jú ogójì fún ẹ̀kọ́ yìí. Kí ó kó wáyà méjì wá, tí ọ̀kan ti já nínú, pẹ̀lú dísíìkì kan tí kò sí ohun pàtàkì nínú rẹ̀, àti kọ̀ǹpútà tí ó ní pọ́ọ̀tù méjì. Kí ó má sọ èyí tí ó já. Kí akẹ́kọ̀ọ́ pín sí ẹgbẹ́ mẹ́rin-mẹ́rin, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fa ìlà sínú ìwé: ohun tí a pààrọ̀, ohun tí a kò pààrọ̀, ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn ìdánwò kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi gbólóhùn kan sọ àbọ̀ rẹ̀, irú bí: "Bí a bá pààrọ̀ wáyà tí àbùkù sì kúrò, a jẹ́ pé wáyà ni ó ní àbùkù."

Gbólóhùn yẹn gan-an jẹ́ ẹ̀kọ́ gírámà. Awẹ́-gbólóhùn afarahẹ tí "bí ... bá ..." bẹ̀rẹ̀ ni ó gbé ìdánwò náà dání, "a jẹ́ pé" ni ó sì gbé àbájáde jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ "bí a bá pààrọ̀ wáyà àti pọ́ọ̀tù" yóò rí i fúnra rẹ̀ pé òun kò lè parí gbólóhùn náà, nítorí kò mọ èyí tí ó yẹ kí ó dá lẹ́bi. Lẹ́yìn èyí ni olùkọ́ yóò kọ bàtà àti bàbà sí ojú pátákó, tí yóò sì bi wọ́n pé kí ni ó jọ ara wọn nínú iṣẹ́ méjèèjì.

8.0 Àgbálọgbábọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ti fi hàn pé ọgbọ́n tí a fi ń mọ àbùkù ara pọ́ọ̀tù kì í ṣe àjèjì sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá. Pípààrọ̀ ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan, àti sísọ ohun tí a rí ní gbólóhùn tí kò rújú, ni gbogbo rẹ̀. Ó sì ti fi hàn pé iná tí ó tàn kì í ṣe ẹ̀rí ìlera, ìlẹ̀kùn tí ó há kì í sì í ṣe ẹ̀rí òfò.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí a fi ṣe àpẹẹrẹ ní ìbẹ̀rẹ̀ ní ohun méjì láti ṣe. Àkọ́kọ́ ni kí ó sọ fún atún-kọ̀ǹpútà-ṣe pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má fọ́máàtì ẹ̀. Ẹ bá mi pààrọ̀ wáyà ná." Èkejì ni pé ní ọjọ́ tí ohùn ìyá àgbà bá tún jáde, kí ó tó gbọ́ ọ dé ìdajì, kí ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀: ẹ̀dà mẹ́ta lápapọ̀, lórí irú ohun ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan sì wà ní ilé mìíràn. Wáyà tuntun wà lọ́jà, àpótí dísíìkì tuntun náà sì wà. Ìyá tí ó sun ẹkún náà kò sí mọ́ tí yóò tún un sun.